Iyọ̀ Inú Àdàlú

Ohun tí Ọlọ́run bá fún ní àsìkò ní í padà wá: òjò a padà, àgbàdo tuntun a padà. Òkú nìkan ni kò ní àsìkò. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé kan, ìyá Fathiat, ní àdúgbò Minanata ní Sókótó gbà á gbọ́, bí ó ti ń tọ́ àdàlú wò lórí iná.

Láyé ìyá ọkọ rẹ̀, bó ti wù kó se é dáa tó, ìyá a fi ṣíbí lélẹ̀: "Àlàkẹ́, iyọ̀ rẹ̀ kò tó." Kò sí ẹlòmíràn ní Sókótó tó mọ̀ pé Àlàkẹ́ ni oríkì ìyàwó yìí. Ìyá kú nígbà ọyẹ́ láìyìn ín rí.

Ó bu àdàlú sínú àwo tánganran tí ìyá gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó fi rán Ládi, ará Háúsá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, ó sì fi Háúsá sọ fún un pé:

"Sàárà ìyá wa ni. Fún arúgbó tí o bá kọ́kọ́ rí ní ẹnubodè Kofar Marke."

Kò pẹ́ tí Ládi fi gbé òfìfo àwo dé.

"Maman Fathiat, arúgbó kan jẹ ẹ́ tán. Ó rán mi sí ẹ. Èmi ò gbédè yín. Ńṣe ni mò ń kà á bọ̀ lọ́nà bí ọmọ iléékéwú."

"Kí ló wí?"

"'Àlàkẹ́, iyọ̀ rẹ̀ tó.' Ta ní ń jẹ́ Àlàkẹ́?"

Ìyàwó gba àwo, ó gbé e padà sórí pẹpẹ.

Ọkọ jẹ tirẹ̀ yó, kò gbọ́ nǹkan kan. Ládi ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó ṣì wà ní Minanata. Bí àgbàdo tuntun bá dé, a bu iyọ̀ síkòkò, kì í sì í tọ́ ọ wò mọ́.