Ẹlẹ́hàá Tó Ń Kọ́ Ìṣirò Iná

Lọ́dún 1994, Ọláyínká, tísà físíìsì kan tó ń gbé ní Ìfọ́n, gba iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ní Ìlobù tí ẹnikẹ́ni ò fún un nírú rẹ̀ rí. Alfa Sofiyullah, lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ló ní kó wá máa kọ́ ìyàwó òun níṣirò iná nítorí ìdánwò GCE. Ẹlẹ́hàá ni Azeemah, ìyàwó náà. Ọkùnrin àjèjì ò gbọdọ̀ rí ojú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n fi dá yàrá sí méjì. Ọláyínká á jókòó níhìn-ín, á kọ ìbéèrè sórí wàláà, pátákó tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ́ Kùránì, á tì í gba abẹ́ aṣọ kọjá. Ìdáhùn á gba ibẹ̀ padà.

Alfa fúnra rẹ̀ kì í dúró. Á kí tísà tọ̀yàyàtọ̀yàyà, á ní òun ń lọ wo nǹkan lẹ́yìnkùlé, á sì gba ilẹ̀kùn inú wọlé. Ó máa ń tó ìgbà díẹ̀ kí àga tó dún lẹ́yìn aṣọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ò gọ̀ rárá. Ọláyínká ṣàlàyé pé fọ́ọ̀tì ló ń ti iná nínú wáyà, áńpíà sì ni iná tó ń ṣàn. Bí èèyàn bá fi áńpíà pín fọ́ọ̀tì, ó ti rí ìdènà, ìyẹn bí wáyà ṣe ń ṣagídí sí iná tó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ agbára ló ń wá, kò ní pín wọn, ńṣe ni yóò sọ wọ́n di púpọ̀. Ó wá kọ ìbéèrè: kẹ́tù kan ń lo fọ́ọ̀tì 220, áńpíà 5 ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kò pẹ́ tí wàláà fi padà dé: ìdènà 44, agbára 1,100. Láti ọwọ́ ọ̀tún ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ń rìn lọ sósì. Ọláyínká rẹ́rìn-ín sínú. Ilé kéwú lọmọ náà ti wá, kí ni kó ṣe?

“Ṣé ó ń gbìyànjú?” Alfa bi í nígbà tó fẹ́ máa lọ.

“Ó ju ìgbìyànjú lọ, Alfa. Bó bá yege, pólì Ìbàdàn á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.”

Ojú Alfa tàn, àfi bíi pé òun ni wọ́n yìn. Lẹ́yìn náà ó fajú ro. “Tísà, ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ yẹn ò lè yọ ẹsẹ̀ nílé yìí kí gbogbo àdúgbò má mọ̀. Ta ló máa jẹ́ kó lọ?”

“Ṣé ẹ̀yin náà ò wá lè dá sí i ni, Alfa?”

“Èmi kẹ̀? Ẹnu mi ò tó o.”

Inú bí Ọláyínká dé Ìfọ́n. Ọkùnrin tí jàmáà ń wọ́ tẹ̀ lé kiri, tí wọn ò jẹ́ kó dá rìn dé ọjà, tí wọ́n wé láwàní bàbá rẹ̀ lé lórí kó tó sunkún bàbá tán, òun ló ní ẹnu òun ò tó o nínú ilé ara rẹ̀!

Yàrá náà móoru. Wíńdò kan ṣoṣo ló ní, irin ni wọ́n sì fi dí i. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí ojú tí Ọláyínká fẹ́ wò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, dípò ìdáhùn, ìbéèrè ni wàláà gbé wá: “Bí wáyà ò bá lè gba iná tí wọ́n ń tì sí i mọ́ ńkọ́?”

Ọláyínká kọ ọ́ pé: “Á gbóná. Bó bá pẹ́, á já.”

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ. Àánú ṣe tísà. Ó mọ̀ pé bí àṣírí bá tú, iṣẹ́ òun á bọ́, wọ́n sì lè lu òun pa sójú títì, síbẹ̀ ó ki kàlámù bọ tàdáwà, ó kọ ìbéèrè kẹ́tù ìjọ́sí padà, pé kí ni agbára rẹ̀. Ó wá fi kún un nísàlẹ̀: “Bí ẹ bá fẹ́ kúrò nílé yìí, ẹ pín in dípò kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀. Màá ràn yín lọ́wọ́.”

Wàláà pẹ́ kó tó padà. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni 44.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣì í! Ọláyínká yára kọ ọ́ pé: “Jímọ̀, nígbà ìrun, lẹ́yìnkùlé.” Wọ́n ti fọ wàláà mọ́ tónítóní kó tó padà sọ́dọ̀ rẹ̀, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbé máṣíìnì rẹ̀ sẹ́yìn ilé náà. Títì dá, gbogbo èèyàn ti wọ mọ́ṣáláṣí. Wáàsí bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, Ọláyínká sì tẹ́tí sí i. Kì í ṣe ohùn Alfa, ohùn igbákejì rẹ̀ ni. Alfa ò lọ kírun, á jẹ́ pé ó wà nílé! Ó ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rọra ṣí. Ẹlẹ́hàá náà jáde, aṣọ dúdú bò ó látòkè délẹ̀, báàgì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ di irin ẹ̀yìn yẹn mú,” ni Ọláyínká sọ láìbojú wẹ̀yìn, nítorí ọmọlúàbí ni. Ìjókòó máṣíìnì rọ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ó tẹná mọ́ ọn, wọ́n gba ọ̀nà Òṣogbo títí wọ́n fi dé gáréèjì.

Níbẹ̀ ni ẹlẹ́hàá ti sọ̀ kalẹ̀, tó ká aṣọ dúdú kúrò lójú, tí Alfa Sofiyullah sì fọwọ́ nu òógùn irùngbọ̀n rẹ̀, tó ní, “Ẹ ṣeun, tísà, láti Iléyá, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, ni Azeemah ti wà ní Ìbàdàn tó ń dúró dè mí, èmi ni wọn ò jẹ́ kí n jáde.”