Àgbẹ̀ Ìkòyí-Ilé Tí Kò Ní Oko

Ẹ bá mi ka èyí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí kì í sọ ètò ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni torí pé "ayé ò dáa", ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

1.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Gàfárù, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti Bushrah ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, ń gbé. Ilé-iṣẹ́ kan ní Kánádà ló ń bá ṣiṣẹ́. Bí àwọn oníbàárà wọn bá ní ìṣòro, òun ló ń dá wọn lóhùn lórí kọ̀ǹpútà láti inú yàrá rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, kì í ṣe yàhúù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin yìí o: bí aládùúgbò bá kí i pé "Ẹ kú iṣẹ́", á máa rò ó títí pé ta ló sọ fún un pé òun níṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi kìlọ̀ fún gbogbo ẹbí rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè iṣẹ́ mi, ẹ ní ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn ní Ìkòyí-Ilé. Ì báà ṣe Lèmọ́mù ló bèèrè!"

Àǹtí Hajarat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́, àgbẹ̀. Kò ní tẹnu mi jáde."

2.

Nígbà tó yá, Gàfárù gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè kan ń fún irú òun ní físà: kí èèyàn mú ìyàwó rẹ̀ dání, kó máa gbé ọ̀dọ̀ wọn, kó sì máa fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó mú ìwé kan, ó fa ìlà sí i láàárín, Pọ́túgàl lápá kan, Sípéènì lápá kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń kọ ọ́ tó sì ń pa á rẹ́. Níkẹyìn, ó bi Israfil ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí òun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

"Sípéènì ni," Israfil dáhùn. "Owó oṣù tí wọ́n ní kéèyàn máa gbà kéré sí ti Pọ́túgàl. Tìẹ kọjá ẹ̀ dáadáa. Èmi náà ń lọ síbẹ̀, jẹ́ ká jọ ṣe é."

Gàfárù dúpẹ́, ṣùgbọ́n kó tó délé, ọkàn rẹ̀ ti dàrú. "Bushrah, kí ni Israfil fẹ́ fi ìwé mi ṣe tó fi ní ká jọ ṣe é?"

"Ṣé kì í ṣe torí pé ọ̀rẹ́ yín ni?"

"Ìwọ ò mọ ayé." Bó ṣe mú Pọ́túgàl nìyẹn.

3.

Àwọn ará Pọ́túgàl tó ń fúnni ní físà ní kó kọ orúkọ ẹbí kan àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ó kọ ti Àǹtí Hajarat. Bushrah bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ sọ fún Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́." Ó gbé fóònù, ó tún gbé e kalẹ̀. Bí Àǹtí bá lọ sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ńkọ́? "Tá a bá débẹ̀, wọ́n á gbọ́." Ó dá a lójú pé físà ti bọ́ sápò, ló bá ní kí Bushrah fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dá ilé padà fún onílé.

Owó oṣù rẹ̀ tó ti Pọ́túgàl lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ kínńkín ló fi lé. Àwọn tó ń yẹ ìwé rẹ̀ wò fẹ́ mọ̀ dájú pé ó níṣẹ́. Ni fóònù Àǹtí Hajarat bá dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ẹ káàsán mà. Iṣẹ́ wo ni Ọ̀gbẹ́ni Gàfárù ń ṣe?"

Àǹtí dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Àwọn tí àbúrò òun ń bẹ̀rù ti dé nìyí! "Gàfárù kẹ̀? Àgbẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn ní Ìkòyí-Ilé."

"Ṣé wọn ò fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè kankan?"

"Kọ̀ǹpútà? Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan rédíò!"

Ó pa fóònù, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti dáàbò bo àbúrò òun.

4.

Èsì dé: wọn ò fún un ní físà, torí ohun tó kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ohun tí ẹbí rẹ̀ sọ mu. Gàfárù wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Kò tilẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí, kí ni mo ṣe fún yín? Ta ló rán yín sí mi?"

"Ìwọ ni." Àǹtí nàka sí i. "Ohun tí o ní ká máa sọ ni mo sọ. Ì báà ṣe Lèmọ́mù, o ní. Gàfárù, èmi tí mo pọ̀n ọ́, ṣé o ò lè sọ fún mi pé o fẹ́ rìnrìn àjò ni?"

Gàfárù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé Àǹtí ni òun àti Bushrah ń gbé báyìí, torí onílé ti fi ilé wọn fún ẹlòmíràn. Israfil pè é láti Sípéènì, Gàfárù ò gbé e, ó ní ó fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bó bá sì jáde sí àdúgbò, àwọn èèyàn a máa kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà: "Àgbẹ̀ wa, ẹ kú oko o! Báwo ni ẹ̀gẹ́?"

"Ó wà dáadáa," ló máa ń wí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kí ẹ máa pariwo ètò yín lórí Fesibúùkù. Ọ̀tá wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fura sí àwọn tó fẹ́ràn yín títí tí ìfẹ́ wọn á fi ṣe yín ní jàǹbá. Ẹni tí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù yín, ẹ pè é lónìí, kí ẹlòmíràn tó pè é.