Ọ̀rọ̀ Mẹ́wàá ti Oṣù Kẹsàn-án

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni Marcel Desjarlais gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé tí yóò dá Lorne Hnatiuk padà sórí yìnyín. Aago mẹ́ta ti lù, kò sì tíì fọwọ́ kan bírò.

Marcel ló ń tọ́jú ara àwọn eléré họ́kì orí yìnyín ìlú Tamarack. Lorne ni ògbólógbòó wọn, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tí wọ́n máa ń dojú rẹ̀ kọ ẹni tó bá fẹ́ halẹ̀ mọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, alátakò kan gbá a mọ́ pákó tó yí yìnyín ká, akoto rẹ̀ sì fò lọ. Ó dùbúlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, àwọn eléré ẹgbẹ́ méjèèjì sì ń fi ọ̀pá kan yìnyín fún un, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ẹni tó fara pa. Nígbà tó dìde, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn alátakò. Gbogbo èrò rò pé ó ń ṣàwàdà ni, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Òfin ìdánwò orí kò le. Ní oṣù Kẹsàn-án, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, dókítà á ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sí eléré létí. Tó bá ṣe díẹ̀, eléré á tún wọn sọ, á sì ka àwọn oṣù láti ìparí ọdún wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá forí gbá nǹkan á tún ìdánwò náà ṣe. Bí èsì kejì kò bá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n á ní orí rẹ̀ pé, kó máa bá eré lọ.

Àwọn àgbà eléré ti rí ọgbọ́n dá sí i: wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ kùnà ní oṣù Kẹsàn-án. Marcel gan-an ló kọ́ Lorne lọ́gbọ́n náà ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń gbá họ́kì. “Mẹ́rin péré ni kó o sọ,” ló wí fún un nínú bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́. “Kó o sì fo oṣù kan.” Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn báyìí.

Ìwé èsì ìdánwò Lorne méjèèjì wà níwájú rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án: mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ó fo oṣù Kẹfà. Àná: mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ó fo oṣù Kẹfà.

Lorne yọjú lẹ́nu ọ̀nà. “Ọ̀gá, ẹ ò tíì fọwọ́ sí i?”

Ẹ̀gbọ́n ló ń pe Marcel tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yìí, gbogbo ayé ti di ọ̀gá rẹ̀, àti akọ́nimọ̀ọ́gbá, àti obìnrin tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tún yìnyín ṣe.

“Orí ńkọ́?” ni Marcel bi í.

“Ó ṣì wà lọ́rùn mi. Ṣé kí n yọ ọ́ kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò?”

Marcel rẹ́rìn-ín láìfẹ́. “Gbogbo agbára rẹ lo fi ṣe é lánàá?”

“Gbogbo ẹ̀.”

“Oṣù Kẹsàn-án ńkọ́?”

Lorne wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wá ṣẹ́jú sí i. “Ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ṣe é.”

Ó wo téèpù funfun tó wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀, tó kọ nǹkan kéékèèké sí, ó sì gba ọ̀nà yàrá ìmúra lọ. Ó ń kọ òmíràn láràárọ̀. Bákan náà, kì í lọ sí pápá àfi kí ọkọ̀ Petr, eléré ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn jọ wà ládùúgbò kan, wà níwájú tirẹ̀. Eléré kọ̀ọ̀kan ló ní èèwọ̀ tirẹ̀: ẹnì kan kì í fọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹgbẹ́ bá ń borí, ẹnì kan kì í fẹsẹ̀ kan ìlà. Ẹnikẹ́ni kì í bi eléré léèrè ìdí èèwọ̀ rẹ̀, kí oríire má baà bọ́.

Èsì méjèèjì dọ́gba, òfin kò fún Marcel ní ìdí láti kọ̀. Ó gbé ọkọ̀, ó kọrí sílé Lorne láti wá ẹni tó máa jẹ́rìí sí ọgbọ́n oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀rù ń bà á. Lorne lè máà bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Noreen, ìyàwó Lorne, ń se pẹrógì, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ànàmọ́ sínú rẹ̀, lọ́wọ́. “Ẹ̀gbọ́n Marcel! Ẹ wọlé, òtútù á pa yín.”

Marcel kò bọ́ kóòtù. “Noreen, bó bá tún forí gbá nǹkan nínú eré Sátidé, ó lè máà dá ẹ mọ̀ mọ́. Mo mọ bí orí ẹ̀ ṣe pé tó tẹ́lẹ̀. Ìsinmi ló nílò, tó bá fi máa di ìgbà ẹ̀rùn, á ti padà sípò.” Ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì. “Kọ ọ́ síbí pé o mọ̀ pé ó rẹ́ dókítà jẹ lóṣù Kẹsàn-án. Wọ́n á fagi lé ìdánwò yẹn, wọn ò sì ní jẹ́ kó gbá eré. Èmi ni kó bínú sí.”

Noreen pa iná. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó jókòó, ó ka èsì oṣù Kẹsàn-án, ó sì tún un kà. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Mẹ́rin?”

“Bí mo ṣe kọ́ Lorne gẹ́lẹ́ ni. Ìtìjú ni fún mi.”

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Noreen wí, “kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ lọ́dún yìí, mo ti mú un búra lórí ọmọ wa kó tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò oṣù Kẹsàn-án, ó sì ra kéèkì wálé lọ́sàn-án, ó gbé mi sókè níbí yìí, ó ní mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lòun sọ.”