Bátìrì Àlòkù Tó Pa Ọgọ́ta Ẹyin Lẹ́nu Mọ́

Ẹ dákun, ẹ má fi ìka sún ìtàn yìí kọjá. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra bátìrì àlòkù sí sólà ilé yín.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń fi ẹ̀rọ sàba lé ẹyin. Ẹ̀rọ náà tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ ń gbóná bí abẹ́ ìyẹ́ ìyá adìyẹ, fáànù kan sì wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn ẹyin. Iná ìjọba ò dé àdúgbò wọn, sólà ló ń lò. Mo-mọ̀-ọ́n-tẹ́lẹ̀ làwọn èèyàn ń pè é, torí kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ fún un tí kò ní ní òun ti mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ opó, ń sin tòlótòló. Lọ́jọ́ kan, ajá ìgboro já wọ ọgbà rẹ̀, wọ́n pa gbogbo tòlótòló náà láìku ẹyọ kan. Ẹyin ọgọ́ta tó ti ṣà jọ ṣáájú ọjọ́ yẹn nìkan ló kù. Ó gbé e tọ àbúrò rẹ̀ wá.

"Àbúrò mi, gbogbo ohun tí mo ní láyé ló wà nínú abọ́ yìí o. Tí wọ́n bá pa, mo tún dèèyàn."

2.
Wàhálà ibẹ̀ ni pé òjò ti ń sún mọ́, bátìrì méjì tó ní ò sì gbé ẹ̀rọ náà mọ́jú mọ́. Ọmọbìnrin tó so sólà fún un sọ pé bátìrì tuntun ò ní dé títí oṣù méjì. Ẹyin ẹ̀wẹ̀ kì í dúró deni; tó bá ti pẹ́ jù nílẹ̀, ó ti di kẹ́ ẹ dín in jẹ nìyẹn. Ọmọbìnrin náà wá gbà á nímọ̀ràn pé kó gbé ẹyin lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ kejì, lójú pópó kejì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí ni ìgbéraga ti wọlé. Kí ẹ̀gbọ́n òun gbé ẹyin lọ bá ẹni táwọn jọ ń du oníbàárà? Kàkà bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta bátìrì àlòkù ló gbà lọ.

Wọ́n to bátìrì síbẹ̀ dé àjà, wọ́n fi òróró pa wọ́n lára, wọ́n ń dán bí orí ọmọ tuntun. Oníbátìrì fi mítà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná, kan méjì nínú wọn lára, mítà ní wọ́n kún. Ọmọbìnrin oníṣẹ́ sólà tó tẹ̀ lé e lọ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú rẹ̀ ni mítà rí, kò rí inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi gílóòbù ńlá sí i, kó máa tàn dìrọ̀lẹ́. Tó bá ti kú, a máa mọ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ta ló fẹ́ jókòó síbí dìrọ̀lẹ́?"

Oníbátìrì rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ò ráyè ìyẹn, oníbàárà mìíràn ti wà lọ́nà. Ni Mo-mọ̀-ọ́n-tẹ́lẹ̀ bá rà wọ́n.

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọbìnrin náà kọ̀, kò so wọ́n. Ó ṣàlàyé fún un pé tí bátìrì tó ti gbó bá wà láàárín èyí tó dáa, ṣe ni yóò máa fa agbára rẹ̀ mu. Ó ní, "Ẹ má bínú, mi ò lè so òkú mọ́ alààyè." Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Mo-mọ̀-ọ́n-tẹ́lẹ̀ so wọ́n fúnra rẹ̀, ó sì to ọgọ́ta ẹyin sínú ẹ̀rọ.

3.
Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀, òòrùn ń ràn, gbogbo nǹkan ń lọ geerege. Ó ya fọ́tò bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé e sórí fóònù fáyé rí, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn amòye wá wo òkú tó ń ṣiṣẹ́.

Ó wá ku ọjọ́ kan kí ẹyin pa. Ojú ọ̀run ti ṣú fún ọjọ́ méjì gbáko. Ó wo mítà láàárọ̀, mítà ṣì ní ó kún. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá jókòó ti ẹ̀rọ, ó sì kìlọ̀ fún un pé ohunkóhun tí ì báà ṣẹlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, agogo tó yẹ kó ké tí iná bá lọ, ara bátìrì kan náà yẹn lòun náà ti ń jẹun. Ló bá gbé ọmọ adìyẹ lọ fún oníbàárà kan lọ́nà jíjìn.

Ọ̀sán ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é. Ayọ̀ ń mú ohùn rẹ̀ gbọ̀n.

"Àbúrò mi, wọ́n ń ké nínú ẹyin! Wọ́n ń kan èèpo, kọ́-kọ́-kọ́. Mò ń gbọ́ wọn ketekete."

Ó ní òun mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó pa fóònù, ó padà sídìí oníbàárà rẹ̀.

Ìgbà tó wọ mọ́tò tó ń bọ̀ wálé ni ọ̀rọ̀ náà gún un láyà. Ketekete kẹ̀? Látọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò gbóhùn ọmọ inú ẹyin láti ìta rí. Ariwo fáànù kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ọ.

Ó pè é padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ wọn?"

"Rárá, ó ti ṣe díẹ̀ tí wọ́n ti dákẹ́. Mo rò pé wọ́n ń sinmi ni."

"Fáànù ńkọ́?"

"Fáànù wo?"

4.
Iná ti tán, fáànù ti kú, afẹ́fẹ́ ló tán mọ́ wọn nínú. Ó ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù pé kó ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ, ó sì ṣí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tó délé, ó bá a lórí ilẹ̀, ó kó ẹyin lé itan. Púpọ̀ nínú wọn ti dá lu. Lára òmíràn, àgógó kékeré ti yọ síta, kò mira. Bátìrì àlòkù kan ti wú, ó gbóná débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ó ti fa àwọn tó dáa gbẹ.

Obìnrin náà ò pariwo, kò sì ṣépè. Ohun kan ṣoṣo ló bi àbúrò rẹ̀.

"Nígbà tí mo ń yọ̀ yẹn, ṣé èmi ni wọ́n ń pè?"



Ẹ̀gbọ́n yẹn ti ń gbálẹ̀ níléèwé báyìí. Wọn ò jà, ṣùgbọ́n kì í wá sílé àbúrò rẹ̀ mọ́. Àbúrò náà ti ta ẹ̀rọ. Kódà nígbà òtútù, fáànù kì í kú nínú yàrá rẹ̀. Ó ní tí ibì kan bá ti dákẹ́ rọ́rọ́, òun á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á débí, mi ò ní gbogbo àlòkù ló burú o. Ẹ so gílóòbù ńlá mọ́ ọn fún wákàtí mélòó kan kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má so èyí tó ti gbó mọ́ tuntun. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ jù yín lọ, ẹ gbọ́ tiẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ àná. Ẹ fi ránṣẹ́ sẹ́ni tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ń ná bátìrì lọ́wọ́ báyìí, kó tó pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀tọ́ dára lójú, inú rẹ̀ kìkì kòkòrò.