Ojú Tí Fọláwẹ̀ Fọwọ́ Mọ̀

Bí fèrè ìrọ̀lẹ́ ti dún, gbogbo iná àdúgbò kú. Ìgbà náà ni Fọláwẹ̀ àti Akínbámi, ọkọ rẹ̀, tó bọ́ ìbòmú, nítorí òfin ò gbà á nínú ìmọ́lẹ̀. Fọláwẹ̀ fi ọṣẹ dúdú fọ òógùn kúrò lójú ọkọ rẹ̀, ó jẹ́ kó gbẹ, ó sì fi òrí díẹ̀ pa á, kí irorẹ́ má baà tún yọ níbi tí ìbòmú ń há. Látìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, ọwọ́ nìkan ló fi mọ ojú yìí.

“Irorẹ́ yín ti tán,” ló wí, síbẹ̀ kò gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ gbéra sókè lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

“Háà! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín!”

“Láti àárọ̀ ni mo ti ń rẹ́rìn-ín sí ọ,” ni Akínbámi fèsì.