Ọ̀dà Fàdákà Ojú Neville

Horace Tranter ń kú lọ ní yàrá òkè, ní Barnsley, lọ́dún 1973. Eruku èédú ti dí i láyà pa. Àwo orin àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ Tinsel Foxes wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Neville ọmọ rẹ̀ ló wà lára páálí àwo náà, ó fi ọ̀dà fàdákà kun ojú, ó kun ètè bí obìnrin. Tìtorí ọ̀dà yẹn ni Horace, oníwàásù ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ṣe lé e jáde nílé.

"Enid, wá a lọ," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Kó wá tòun ti ọ̀dà ojú rẹ̀. Bí mi ò bá tọrọ àforíjì, ojú wo ni màá fi wo Olúwa mi?"

Ó ti pẹ́ tí Enid ti ń wá àwáwí: Neville wà ní London, Neville ti sọdá òkun. Lọ́sàn-án yẹn, àwáwí tán. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sheffield, níbi tí ẹgbẹ́ náà ti fẹ́ ṣeré.

Ó bá olórin wọn nídìí dígí, ó ti kun ojú tán. Enid di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rọra rò ó fún un.

"Mà, ó le o," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. "Tí mo bá pẹ́, wọ́n á kun ojú ẹlòmíràn."

"Kí wọ́n kùn ún. Bàbá ń kú lọ. Má ṣáà fọ ojú rẹ."

Nínú bọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan tẹjú mọ́ wọn. "Ìyá, ọmọbìnrin yín mà rẹwà o. Ṣé ó ti lọ́kọ?"

"Ọmọkùnrin mi ni," Enid dáhùn. Ó yíjú sí olórin náà. "Bàbá lè bi ọ́ nípa àwọn ẹyẹlé rẹ̀. Èyí tó yarọ, Bíṣọ́ọ̀bù la ń pè é."

Ní yàrá òkè, Horace fi ìka rẹ̀ kan ojú fàdákà náà. "Neville?"

"Èmi rè é, bàbá mi."

"Mo lé ọ bí ẹni lé ajá. Dárí jì mí."

"Ó ti tán, bàbá mi. Bíṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Ológbò ti gbé e jẹ." Ẹ̀rín pa Horace, ikọ́ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Kọrin kan fún mi."

Ó kọ èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwo náà.

"Ohùn rẹ ti tín-ínrín," Horace wí.

"Òtútù ló mú un," ni Enid yára sọ.

Horace gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un bí àwọn baba ńlá ti í súre fún àkọ́bí. Kí oòrùn tó wọ̀, ó sùn nínú Olúwa, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, Enid fi aṣọ ìdáná rẹ̀ nu ọ̀dà náà kúrò, ó wo ojú tí kò rí rí, ó sì bi ọmọ ọlọ́mọ náà léèrè orúkọ rẹ̀, kó lè máa dá a nínú àdúrà, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi da erùpẹ̀ sórí pósí Neville ní London, kí àwo náà tó jáde, kí ẹgbẹ́ náà tó kun ojú ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, tí kò sì rí ẹnu sọ ọ́ fún Horace.