A Kì Í Kúnlẹ̀ Kí Oníbàárà

Ẹ ń bèèrè ibi tí a ti lè jẹ oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ní Àbújá.

Ẹ wá sí Garki, níbi tí mo ti ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà.

Ìrẹsì díndín wa ní irú àti ata rodo nínú. Ó dùn.

Mo gboyè, mo sì fi ọdún mẹ́ta wá iṣẹ́ kí n tó rí èyí.

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá fún wa: a kì í kúnlẹ̀ kí oníbàárà. Orí ni kí a tẹ̀ ba, bí ará Ṣáínà. Ẹni tó bá kúnlẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá kan wọlé báyìí pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí òfin.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Àlàájì, Ṣáínà náà ti ń kúnlẹ̀! Waliyat ọmọ rẹ ńkọ́?"

Bàbá náà wò mí. Ó wo àkọsílẹ̀ oúnjẹ.

"Ó wà ní ọ́fíìsì ìjọba."

Ọ̀gá ti dé. Ó ní kí n yọ báàjì mi, kí n máa lọ.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé e," ni ọ̀rẹ́ náà ń bẹ̀. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Àlàájì, bá wọn sọ̀rọ̀."

"Òótọ́ ni," ni bàbá náà wí. "Ẹni tó bí i kọ́ ọ dáadáa."

Ó tún wo àkọsílẹ̀ oúnjẹ.

Mo yọ báàjì, mo gbé e sórí tábìlì bàbá náà.

Mei, orúkọ àwọn ará Ṣáínà, ni ọ̀gá kọ sí i.

Waliyat ni orúkọ tí bàbá yìí sọ mí.